Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìyá Tópẹ́ Dúró Dè Mí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Òkè Ọya. Ṣé orúnkún Bàbá ti fúyẹ́? Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kí ìyàwó yín, Ìyá Tópẹ́, pé ó kú ìkúnra.

Ọyẹ́ ti bẹ́ mi létè níbí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú yàrá wa, nítorí náà, bí mo bá ń fọṣọ, èmi nìkan ni mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí wèrè.

Ẹ̀gbọ́n kọ̀wé sí mi pé Ìyá Tópẹ́ kọ̀, kò forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù kankan, pé ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé nọ́ọ̀sì ilé àwọn ń bọ̀ wá gbẹ̀bí òun ní Kérésì. Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ ka lẹ́tà yìí sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹ ti ṣe ìdúpẹ́ nígbà tí ẹ rí fọ́tò mi nínú aṣọ funfun. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ló mú yín ṣe é. Ṣùgbọ́n gbàrà tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti rán aṣọ yẹn fún wa.

Ẹ ti gbọ́ lórí rédíò nípa àrùn tuntun tí wọ́n ń pè ní éèdì, tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ran ènìyàn, tó sì ti ń kárí ayé. Kò tíì sí oògùn rẹ̀. Ọsibítù tí a ti ń kọ́ṣẹ́ kò rí ìbọ̀wọ́ rọ́bà rà mọ́. Ìwọ̀nba tó kù, àwọn dókítà ń lò ó, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n tún ń lò ó. Ni Mètírọ́ọ̀nù bá ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Obìnrin náà kò burú. Ó ní òun kò fẹ́ gbé òkú ọmọ padà fún ìyá ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ń dúró sí tí a ń gbọ́ igbe ìyá tó ń rọbí. Nínú kíláàsì, wọ́n gé ihò sára páálí, wọ́n ti bèbí oníke sínú rẹ̀, òun la fi ń kọ́ ìgbẹ̀bí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, nítorí bèbí náà kì í ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní a óò ṣe ìdánwò, a óò sì gba ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Mi ò tíì gbẹ̀bí fún ènìyàn kankan rí. Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ tí Ìyá Tópẹ́ sọ nù lọ́jọ́ tó bí Tópẹ́. Bó bá tún dà bẹ́ẹ̀ lójú mi, ẹkún nìkan ni mo lè sun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó kí oṣù tó parí. Ẹ sì bá mi já fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri ilé wa, kí aboyún mìíràn má baà tún rí i.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ bá mi kí Àlùfáà, ẹgbẹ́ akọrin àti gbogbo àdúgbò wa l'Áyétòrò. Ẹ sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì yín ń bọ̀ ní Kérésì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò bá yín dúró sí.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀