Ta Ló Sìn Ín Dé Ojú Ọ̀nà?

Bàbá mi, ẹni tí mo máa ń kàwé fún,

Láti Glei, ní ìdíkọ̀ etí títì, ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín. Ọ̀dọ̀ Ìyá Glei, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, ni mo wà láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé-ìwé. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò lè sáré tọ ọkọ̀ lọ mọ́ bí ọkọ̀ bá dúró, nítorí náà èmi ni mò ń gbé atẹ ọsàn àti gààrí wọn lọ bá àwọn èrò. Mo sọ fún wọn lówùúrọ̀ yìí pé ìwé ni mò ń kọ sí yín. Mo rò pé wọn yóò fi mí rẹ́rìn-ín, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bá mi kí i. Sọ fún un pé orúnkún yìí ni kò jẹ́ kí n tíì wá wo ibojì rẹ̀." Mo ti jẹ́ iṣẹ́ wọn.

Oṣù keje rèé tí ẹ ti lọ. Ọ̀sán ni àárò yín máa ń sọ mí jù, kì í ṣe òwúrọ̀, kì í ṣe alẹ́. Ọ̀sán ni mo máa ń ti ilé-ìwé dé. Kí n tó wọ agbo ilé, ẹ ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi lórí òkúta, ẹ ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì fi ọwọ́ gbá ẹni tí ẹ jókòó lé. Okùn ìko tí ẹ̀ ń lọ́ á wà láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín. Ẹ ó ní, "Kí ni ìwé sọ lónìí?"

Àwọn ìwé kíkà kéékèèké yẹn! Mẹ́tírì, olùkọ́ wa, ló máa ń kọ wọ́n sójú pátákó kí a lè fi múra de ìdánwò sẹ́tífíkà. Kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, ìbéèrè mẹ́rin á sì tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ìlú ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ọtí sódàbì tú ilé rẹ̀ ká. Abúlé kan tó ń mu omi ẹlẹ́gbin. Ìyá kan tí kò gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. A ó dà á kọ, a ó kà á, a ó dáhùn. Òfin kan ṣoṣo ni Mẹ́tírì ní, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ ọ́: "Inú ìwé ni ìdáhùn wà. Ẹ má wá a lọ síbòmíràn."

Ẹ̀yin kò gba òfin yẹn rí. Èmi á kà á ní Faransé, n ó sì yí i sí èdè wa fún yín, ẹ̀yin á sì dá ọwọ́ okùn dúró. Nígbà tí mo ka ti ọ̀mùtí, ẹ bi mí pé ta ló ń ta sódàbì náà fún un, ṣé òun náà bímọ. Nígbà tí mo ka ti omi ẹlẹ́gbin, ẹ bi mí pé odò tó mọ́ ti jìnnà sí wọn tó. Èmi á ní, "Bàbá, kò sí nínú ìwé." Ẹ̀yin á ní, "Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Ṣé kò dé abúlé náà ni?" Lẹ́yìn náà ẹ ó mú ẹ̀pà yíyan jáde láti ìṣẹ́po aṣọ yín, ẹ ó fi ọwọ́ ra á, ẹ ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ẹ ó sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi láì dà á nù. Kòkòrò etí odò Mono ló gba ojú yín kí n tó gbọ́njú. N kò mọ̀ yín ní ẹni tó ń fojú ríran rí. Síbẹ̀ ẹ kò ṣi ọwọ́ mi rí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ló wà nílẹ̀ tí n kò tíì bá yín sọ.

Ọyẹ́ ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Orí ń fọ́ mi, iṣẹ́ ilé-ìwé mìíràn sì wà lọ́rùn mi. Ìwé tí mo kà fún yín ni ti ọkùnrin kan tó sá kúrò ní abúlé rẹ̀. Ìjọba pe àwọn ọkùnrin láti wá la ọ̀nà, ọkùnrin náà sì gba ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbin kòkó. Koríko bo oko rẹ̀. Ebi pa àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀nà náà parí, ọkọ̀ ń kọjá, gbogbo ayé ń jẹ èrè rẹ̀, òun nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni pé kí ni èrò mi nípa ọkùnrin yìí.

Ẹ tẹ orí ba. Mo rò pé oorun ti gbé yín. Lẹ́yìn náà ẹ wúkọ́, ẹ ní, "Ta ló sìn ín dé ojú ọ̀nà?"

Mo ní kò sí nínú ìwé. Ẹ tún bi mí. Bàbá, mo mọ ohun tí mo sọ, n kò sì ní yí i padà nínú ìwé yìí kó lè dùn. Mo ní, "Ẹ̀yin kò mọ ìwé, ẹ kò sì ríran. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo mọ̀ ọ́n dáhùn."

Ẹ kò bá mi wí. Ẹ fa okùn yín sún mọ́ra, ẹ ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Máa dáhùn." Mo kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni ọkùnrin náà. Mẹ́tírì yìn mí lójú gbogbo kíláàsì.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kàwé tán, ẹ ó kàn sọ pé, "O ṣeun." Ẹ kò bi mí ní ìbéèrè mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ikọ́ dá yín dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu mi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyàrá kún fún ènìyàn, ojú sì ń tì mí. Mo ní lọ́kàn mi pé kí àwọn ènìyàn náà kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tí wọn ó fi jáde, aṣọ ti bò yín lójú. Ṣé ẹ bínú ni? Àbí ó kàn dùn yín?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdánwò fún yín. Òjò ń rọ̀ sórí páànù lọ́jọ́ náà débi pé a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ń ka ìbéèrè. Ìwé kíkà tí wọ́n fún wa kì í ṣe èyí tí Mẹ́tírì kọ fún wa, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ọkùnrin kan fi abúlé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n bi wá pé, "Kí ló mú un kúrò nílé?" Mo mọ ìdáhùn. Ó wà ní ìlà kẹrin: ìwà ọ̀lẹ àti ìfẹ́ owó. Mo ti ti kálàmù bọ tàdáwà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i, Bàbá. Mo rí òwúrọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n mi Kòfí lọ sí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé ni mí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ẹ gbé ọwọ́ lé e léjìká bí ẹni pé ó ń mú yín lọ kí ẹnì kan. Nígbà tí oòrùn yọ tán, ẹ̀yin nìkan lẹ padà. Ọ̀pá yín ń gbá ara ògiri kiri, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ kò sì sọ ibi tí ẹ lọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Ẹ̀yin lẹ sìn ín. Ẹ ti ń wá ọ̀nà láti sọ ọ́ fún mi, èmi sì pa yín lẹ́nu mọ́.

Mo kọ ọ́. Ìdajì ojú ìwé ni mo kọ. Mo kọ ọ́ pé ọwọ́ ọkùnrin náà ti wú nídìí òkúta ọ̀nà, pé ojú bàbá rẹ̀ ti lọ tí ẹrù ilé fi wà lọ́rùn rẹ̀, pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ní kó máa lọ. Faransé mi kò já gaara, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò dúró.

Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Mẹ́tírì wà lára àwọn tó yẹ ìwé wò. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú kò bí i, àárẹ̀ kàn wà lójú rẹ̀. Ó ní wọ́n fi tàdáwà pupa fa igi sórí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí kò lóye ohun tó kà. "Kí ni mo ń sọ fún yín lójoojúmọ́?" Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà ní ẹ̀gbọ́n kan nílẹ̀ kòkó lọ́hùn-ún," ló wí, ó sì lọ.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló ń darí ilé báyìí. Ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n ní ilé-ìwé ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe fún mi, pé Ìyá Glei nílò ẹni tí yóò wà pẹ̀lú wọn títí. N kò jiyàn. Àmọ́ lówùúrọ̀ tí mò ń lọ, tí a jókòó lórí ẹrù mi létí títì tí à ń retí ọkọ̀, wọ́n ṣàdédé bi mí pé, "Kí gan-an lo kọ tí wọn ò fi mú ọ?"

Mo sọ ọ́ fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé o kọ ọ̀rọ̀ mi síbẹ̀?"

Kò yé mi.

"Nígbà tó lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ kọmándàǹ òyìnbó wá sílé. Iye ènìyàn tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ilé wa kò pé. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn. Mo fọ́ òkúta tèmi, mo fọ́ tirẹ̀, ìgbà òjò méjì gbáko. Oko rẹ̀ tí wọ́n ní koríko bò yẹn, ta ló ro ó? Koríko kankan kò bò ó." Wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sí mi, àtàǹpàkò tí kò ní èékánná yẹn. Bàbá, mo ti rò pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn.

Mo béèrè bóyá ẹ mọ̀. Wọ́n ní, "Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Òun ló ń fi omi gbígbóná tọ́jú rẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́."

Ohun tí mo fi gbogbo ọkàn kọ, tí mo tìtorí rẹ̀ pàdánù sẹ́tífíkà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ọkọ̀ dé. Bàbá Kékeré gbé ẹrù mi sókè fúnra wọn, wọ́n so ó, wọ́n tún un so. Mo ti jókòó tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ìsinmi nìkan ni kí o lò ní Glei. Bí ilé-ìwé bá wọlé, kí o padà wá, kí o tún un ṣe. Èmi ó wá ẹni tí yóò dúró ti Ìyá. Ìdáhùn tí wọ́n bá ń fẹ́ ni kí o kọ fún wọn. Àwa tí a wà nílé, ó ti yé wa."

N kò mọ̀ bóyá n ó lè kọ ọ́. Mo ń gbìyànjú. Bí ọjà bá dá, mo ń ka àwọn ìwé kíkà náà sókè lórí ibùjókòó, Ìyá Glei á ní "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn" títí oorun á fi gbé wọn lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi Kòfí kò tíì dé. A fi iṣẹ́ rán oníṣòwò Yorùbá kan ní ọjà Atakpamé tó ń lọ sọ́hùn-ún, a kò sì mọ̀ bóyá ó rí i. Ó ṣeé ṣe kó má tíì gbọ́ pé ẹ ti lọ. Bó bá ń bọ̀, ojú ọ̀nà yìí ni yóò gbà, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ rí nínú gbogbo ará ilé. Nítorí náà mo ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń kọ́ ẹnu mi ní bí n ó ṣe sọ ọ́: ti ikọ́, ti ibojì, ti ọwọ́ Bàbá Kékeré.

Ìyẹn yóò ṣeé sọ. Ohun tí yóò bi mí tẹ̀lé e ló ń bà mí lẹ́rù. Yóò bi mí bóyá ẹ dárúkọ òun kí ẹ tó lọ. Ẹ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ẹ kàn ń na ọwọ́ kiri lórí ẹni, ẹ̀ ń wá ọwọ́ ènìyàn. Èmi ni mo wà nítòsí, mo sì fún yín ní tèmi. Ẹ dì í mú ṣinṣin, ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò mọ ọwọ́ ẹni tí ẹ rò pé ẹ dì mú.

Bó bá dé, n ó sọ fún un pé tirẹ̀ ni.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí kò fẹ́ kí ọwọ́ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.