Òtẹ́ẹ̀lì Abẹ́ Òkun àti Páìpù Mi

                                        Yàrá Kejì, Àjà Òkè,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
                                        Lẹ́yìn Pápá Ìṣeré.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi èyí kékeré sílẹ̀? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá. Ohun kan ló rí mi lára tí mi ò fi lè jẹun.

Ẹ rántí òtẹ́ẹ̀lì abẹ́ òkun tí wọ́n ní ká ya àwòrán rẹ̀ láti fi parí ẹ̀kọ́ wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Onígíláàsì. Òun ló ya àwọn yàrá àti gíláàsì rẹpẹtẹ, kí àlejò lè dùbúlẹ̀ máa wo ẹja. Èmi ni mo ya omi, páìpù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fa páìpù náà títí tó fi gbé ẹ̀gbin gòkè lọ sí ilé kékeré kan létíkun, níbi tí wọn yóò ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo fẹ́ràn páìpù yẹn.

Ìgbà tí a gbé àwòrán kọ́ ògiri níwájú àwọn olùkọ́ ni mo tó rí i pé ilé etíkun ti pòórá. Onígíláàsì ti pa á rẹ́, ó ní ó ń ba ẹwà jẹ́. Ó gé páìpù mi mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, lábẹ́ fèrèsé yàrá gan-an! Orúkọ mi sì wà ní igun ìwé náà gbàgàdà.

Gíláàsì ni gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún. Olùkọ́ àgbà obìnrin kan ló béèrè ibi tí ìgbẹ́ ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò tilẹ̀ tijú.

"Inú òkun náà ni, mà. Òkun tóbi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Àlejò á jí láàárọ̀, á ṣí kọ́tìnnì, á wá rí ohun tó ṣe lálẹ́ àná tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá láàárín ẹja!

Máàkì tó ga jù ni wọ́n fún wa. Wọ́n ní àwọn yóò gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo gbá Onígíláàsì mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń yọ eyín sí mi.

"Ìwọ náà! Ṣebí a ti yege? Ta ló máa kọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà ná?"

Láti ìgbà náà, mi ò lè wo ojú ẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lórí ìwé yẹn. Wọ́n ní bí orúkọ bá kúrò, máàkì kúrò nìyẹn, màá sì tún ọdún yìí kà. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́.

Màmá nìkan ló ń dùn mí. Mo gbọ́ pé wọ́n ti rán aṣọ tí wọn yóò wọ̀ wá síbi ìkẹ́kọ̀ọ́yege mi, wọ́n sì ti fi han gbogbo ojúlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí n tó dé, kí ẹ sì rọra sọ ọ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ ní kí Màmá ká aṣọ náà síbi tó gbẹ. Wọn yóò wọ̀ ọ́ wá lọ́dún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá sì dúró níwájú iṣẹ́ mi, wọn ò ní fọwọ́ bo imú.

Èmi ni àbúrò yín tí oúnjẹ kò tíì wù,

Abígbẹ̀yìn