Ọkùnrin Inú Ìgò

Ọjọ́ Ajé, 14 Ṣẹ́rẹ́, 2002

Àwọn Àlejò tún ti dé sórí àgbọ̀n mi. Bí mo ṣe ń pe irùngbọ̀n mi nìyẹn, torí ògiri létí. Mo fá wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi, ọṣẹ, bíléèdì. Mo wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á — ìmọ̀ràn ara mi ni o. Ó ta mí dé ìpàkọ́.

Pẹ̀lú ọyẹ́ yìí, kí n tó dé kíláàsì, rọ̀rẹ́ ti yọ káàkiri. Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní, "Àǹtí, kí ló jẹ yín?" Mo ní ẹ̀fọn. Ó ní ẹ̀fọn ilé àwọn kì í jẹ èèyàn lójú kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé obìnrin onírùngbọ̀n á lówó. Irùngbọ̀n ti dé. Mo ṣì ń retí ìkejì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ṣẹ́rẹ́

Mo wọkọ̀ láti Ìtàjí lọ sí Ìkọ̀lé, kí ojú tó mọ̀ mí má baà rí mi. Mo ra ìgò ìpara olómi tí àwọn ọkùnrin máa ń fi pa àgbọ̀n tí wọ́n bá fárùngbọ̀n tán. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó mọ̀ mí. Ẹni tó tà á ní, "Ti ọ̀gá yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Mo máa bá a kí wọn.

Àbámẹ́ta, 19 Ṣẹ́rẹ́

Ọkùnrin Inú Ìgò mọṣẹ́. Ó ta bí ata fúngbà díẹ̀, ara wá tutù. Rọ̀rẹ́ ti ń wálẹ̀. Òórùn rẹ̀ dùn débi pé mo tún bu kún un.

Àìkú, 20 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀gá Iṣu dé lẹ́yìn ìsìn. Babájídé, àfẹ́sọ́nà mi ni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ló ń ṣe, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi iṣu parí. Ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ mi ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀, ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ó sún mọ́ mi. Ó fa imú. Ó ní ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí. Mo ní kò séèyàn. Ó ní òórùn ọkùnrin wà nínú yàrá, ó tiẹ̀ wà lára mi.

Ó dìde, kò fọwọ́ kan iyán tí mo gún fún un. Ọ̀gá Iṣu — kò jẹyán. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọjọ́rú, 23 Ṣẹ́rẹ́

Kò wá. Ewúrẹ́ ló jẹ iyán ọjọ́ Àìkú.

Ẹtì, 25 Ṣẹ́rẹ́

Peace, tí yàrá wa kangun síra, ní Babájídé dá òun dúró lọ́nà, ó ń bi òun léèrè ọkùnrin tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Peace búra pé òun ò rí ẹnì kankan. Ó wá bi èmi náà, ojú rẹ̀ ń tàn: "Mobọ́lá, ta ni?"

Mo jókòó, mo rò ó. Kí n sọ pé mo hu irùngbọ̀n, àbí kí wọ́n máa pè mí ní oníṣekúṣe? Mo rò ó títí. Ìṣekúṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Tó bá lọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 28 Ṣẹ́rẹ́

Ìyá Babájídé ránṣẹ́: kí n wá sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èmi nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 31 Ṣẹ́rẹ́

Mo ti ti Ọkùnrin Inú Ìgò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rọ̀rẹ́ ti padà.

Àbámẹ́ta, 2 Èrèlé

Ọ̀kadà gbé mi dé, eruku bò mí. Màmá, tí ń pe ilé ní ulé, ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n rán Babájídé lọ sí oko, wọ́n ní kí n jókòó. "A ti ń múra àtimú ọ wọ ulé. Ta lọkùnrin náà?"

Mo mú ọwọ́ wọn, mo gbé e lé àgbọ̀n mi.

Wọ́n fọwọ́ pa á lọ, wọ́n pa á bọ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́. Wọ́n wá mú ọwọ́ tèmi náà, wọ́n gbé e lé àgbọ̀n tiwọn. Ó ń gún mi lọ́wọ́.

"Bàbá Babájídé sùn tì mí títí wọ́n fi kú, wọn ò mọ̀. Urun lásán."

Wọ́n tilẹ̀kùn, ó dẹ̀kọ́. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣáájú. Ibi tí irun bá dojú kọ ni kí n fá a sí, kí n má fá a sókè. Omi tútù inú àmù ni kí n fi ṣan án títí ọṣẹ á fi tán pátá. Kí n fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, kí n má nu ún bí ẹni ń nu ìkòkò. Lẹ́yìn náà, òrí, bín-ín-tín. Wọ́n ní, "O dọ́gbẹ́ sára, o tún wá ń da iná lé e."

Wọ́n ní Babájídé ò gbọdọ̀ gbọ́ tàwọn láéláé. Tèmi ńkọ́? Wọ́n ní ó dọwọ́ mi.

Àìkú, 3 Èrèlé

Mo ní kí Babájídé wá. Ó dé, ó fajú ro. Mo gbé ìgò síwájú rẹ̀: "Ọkùnrin náà nìyí." Mo bu omi, mo fi ọṣẹ pa àgbọ̀n mi, mo mú bíléèdì, mo fá a níṣojú rẹ̀. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Mo parí, mo nawọ́ sí omi tútù. Ó ti gba igbá lọ́wọ́ mi. Ó ṣan án, ó tún un ṣan. Ó fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, kò nu ún. Ó wò yíká yàrá. "Òrí dà?"

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ òrí fún un. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni, láti kékeré. Tí ìyá òun bá ti tilẹ̀kùn láàárọ̀ Àbámẹ́ta, òun á lọ yọjú. "Òrí ni Màmá máa ń rùn. Tó bá jẹ́ òrí ni mo gbóòórùn rẹ̀ lára ẹ, ṣé mi ò bá ti mọ̀?"

Ó bẹ̀ mí pé kí Màmá má gbọ́ láéláé pé òun mọ̀. Mo ní kò burú. Ó bèèrè iyán, mo gún un, ó jẹ ẹ́ tán.

Wọn ò tíì wá tọrọ mi, mo ti di ará ulé.