Ta Ló Ń Sọ Ìdáhùn Fún Wọn?

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí orúnkún tó ń dà yín láàmú sì ti fún yín nísinmi. Èmi náà wà láàyè, àyàfi ọkàn mi tí kò balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé a máa ń ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ọmọ ọdún méje tí mò ń kọ́ ní èdè tuntun. Èmi á jókòó nídìí tábìlì, wọ́n á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí orúkọ wọn ṣe wà nínú rẹ́jísítà, màá fi àwòrán kan hàn wọ́n, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí, màá sì kọ máàkì. Ọmọ tó bá gba òdo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kíláàsì àwọn kéékèèké ló ń padà sí.

Lóṣù tó kọjá, àwòrán ọkùnrin kan ni, ó dúró nínú òjò, ó di agboòrùn mú láìṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mẹ́rìnlá ló sọ fún mi pé agboòrùn ìyàwó rẹ̀ ni, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni. Ọmọ mẹ́rìnlá! Níbo ni ìyàwó wà nínú àwòrán? Ara fu mí. Mo ní háà, èyí kì í ṣe ojú lásán.

Olùkọ́ kejì tí a jọ ń lo kíláàsì ni mo fura sí. Ẹlẹ́rìn-ín ni, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù àwòrán wà. Mo wá ń ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ẹnu ihò eku. Bó bá súfèé, mo fura. Bó bá dákẹ́, mo tún fura. Mi ò lè pa á mọ́ra, mo kọ̀wé fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá ilé ìwé.

Nígbà tó kan ti ọ̀sẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ya àwòrán nílé láàárọ̀, mo kì í sínú báàgì, mo há báàgì mọ́ abíyá. Ajá kan tó jókòó síwájú ilẹ̀kùn ni. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú wọlé, ọmọbìnrin kékeré kan tí kì í la ẹnu rárá. Ó wo àwòrán títí, ó wo bírò mi, kò sọ nǹkan kan. Mo kọ òdo sí i, ìkẹta rẹ̀ nìyẹn. Ó jáde. Ẹnì kejì wọlé, ó ní ajá náà ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé mì, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì í. Ẹnì kẹta, kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kẹrin náà, kọ́kọ́rọ́! Olùkọ́ kejì ò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti gbàyè lọ rí dókítà eyín.

Mo bọ́ bàtà, mo yọ́ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohùn kan ń bọ̀ láti kọ́ridọ̀, ní èdè tuntun náà, ó ń ṣàn bí omi: "Rárá, má kánjú. Kọ́kọ́ sọ pé ojú ń ti ajá náà. Wọ́n á béèrè ìdí. Ìgbà yẹn ni kó o wá sọ ti kọ́kọ́rọ́." Mo ṣílẹ̀kùn. Àfi ọmọ olódo mi! Òun ló ń kọ́kọ́ wọlé wo àwòrán, òun ló ń jáde lọ kọ́ àwọn yòókù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí. Èmi tí mò ń wá olè kiri, ẹni tó gbọ́ èdè náà jù lọ ni mo fẹ́ dá padà sẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ó wolẹ̀, ó ní: "Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu báyìí, ẹ ti máa ń kọ nǹkan sílẹ̀."

Mo ti lọ gba ìwé ẹ̀sùn mi padà, mo sì ti bẹ olùkọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò séwu. Ẹ̀rín yẹn ò tíì yé mi. Ọ̀gá gbà kí n dán ọmọ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké. Ẹ bá mi fi àdúrà ràn án lọ́wọ́.

Olúwa ò ní jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ti ire mọ́ ìta. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó sì máa rí ayọ̀ lórí àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Elétí Ehoro yín.

Àfikún: Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí ilẹ̀ fi mọ́. Kọ́ridọ̀ ni mo jókòó sí lórí ilẹ̀, láàárín àwọn ọmọ, mo ní kí ọmọ olódo mi kọ́ èmi náà bí màá ṣe dáhùn. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fetí gbọ́. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí agogo fi lù, ó sì yege. Ṣùgbọ́n kó tó wọ kíláàsì, ó tú ọwọ́ mi méjèèjì wò, bóyá mo fi bírò pamọ́ síbì kan.