Nọ́ńbà Ìdí Eyín Bàbá Awakọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Jẹ́jẹ́, ọkọ mi, ínṣọ́ránsì ti dá ìwé Bàbá Awakọ̀ padà. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, tí ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí eyín mẹ́ta nísàlẹ̀ lápá òsì ti ń mì. Wọ́n ní àwọn ò ní sanwó kí a fọ abẹ́ èrìgì rẹ̀, torí nọ́ńbà tí a fi ránṣẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta — gbogbo ẹnu. Ó di mẹ́rin sókè kí wọ́n tó gbà pé àrùn wà níbẹ̀.
Èmi ni mo kọ nọ́ńbà yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Jẹ́ kí n ṣàlàyé, o ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Nọ́ọ̀sì á ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín èrìgì àti eyín, á máa pe bí ihò ibẹ̀ ṣe jìn tó. Èmi á jókòó lẹ́yìn rẹ̀, màá máa kọ ọ́. Ibi mẹ́fà lára eyín kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo bá kọ nìkan ni ínṣọ́ránsì ń rí.
Ọjọ́ tí a wọn Bàbá ni mo kọ́kọ́ padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ. Ọwọ́ mi ń kọ, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣáà ń kọ.

Ọjọ́rú, 5
Dókítà pe Nọ́ọ̀sì síta lójú gbogbo wa. Ó ní ṣé irin ló fi wọ̀n ọ́n ni àbí igi ìtayín? Ọmọ náà ní òun pe mẹ́fà, òun pe méje, òun rántí. Dókítà ní ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ni oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán an wò á pé — ó ní kó lọ máa wáṣẹ́ síbòmíràn.
Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi: "Àǹtí mi, ẹ ṣáà gbọ́ mi."
Mo ní mi ò rántí dáadáa.
Irọ́ funfun báláú! Ó sì ti jáde lẹ́nu mi, Jẹ́jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Bàbá pè. "Ìyàwó mi, eyín mi kan ń bá mi jiyàn lórí búrẹ́dì." Mo ní kó fún wa lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Ó ní eyín ò mọ ọjọ́ díẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 7
Nọ́ọ̀sì ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Mo wọlé tọ Dókítà lọ. Mo ní, "Èmi ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀.
Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé màá ní láti kọ ọ́ sí ínṣọ́ránsì bó ṣe rí? Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ìwé àwọn mọ́."
Mo ní mo mọ̀.
Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò dúpẹ́, kò bú mi. "Àǹtí mi, ọjọ́ méjì ni mo fi rò pé orí mi ti dàrú." Èébú ì bá sàn.

Ọjọ́ Ajé, 10
Bàbá wá, ó di eyín kan sínú bébà. Ó ní èyí fiṣẹ́ sílẹ̀ láìkọ̀wé. Mo rẹ́rìn-ín, ni mo bá bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó wé eyín náà padà sínú bébà.
"Èyí tó bọ́ ti bọ́. Àwọn tó kù ńkọ́?"
Dókítà, tó ti ní kí Nọ́ọ̀sì máa báṣẹ́ lọ, ní ká tún Bàbá wọ̀n, ó sì fẹ́ pe ẹlòmíràn kó wá kọ nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì ní rárá, Àǹtí òun ni yóò kọ ọ́. Ó ń pè, mò ń pè é tẹ̀ lé e. Mẹ́fà. Mẹ́fà. Méje. Márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gún mi.

Ọjọ́rú, 19
Ínṣọ́ránsì gbà: a lè fọ gbogbo ẹnu Bàbá. Wọ́n tún ní kí n má fọwọ́ kan ìwé wọn mọ́. Dókítà ti gbé mi sí tábìlì ẹnu ọ̀nà.
Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Bàbá dé fún ìfọ̀ àkọ́kọ́. "Ìyàwó mi, ṣé o ò ní wọlé wá kọ ọ́ ni?"
"Rárá, Bàbá. Ẹ wọlé, wọ́n ń dúró dè yín."
Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Láti ibi tí mo jókòó, mò ń gbọ́ Nọ́ọ̀sì tó ń pe nọ́ńbà fún ẹlòmíràn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, Jẹ́jẹ́. Ọ̀kan ò bọ́ mọ́ mi létí.