Ààwẹ̀ Tí Munawwarah Ń San

Ẹ̀gbọ́n mi Sikirat,

Àbúrò wa Munawwarah dákú lánàá. Ọsibítù la wà. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Alameen mi ti ń rìn.

Tí mo bá gbóúnjẹ fún Munawwarah, á ní, "Àǹtí, ààwẹ̀ ni mò ń san." Mo gbà á gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni, pé ẹ̀rù àtisanra ló ń bà á. Ká má bá a jà, ká jókòó tì í, kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni Munawwarah tó jẹ́wọ́ pé òun ti dákú báyìí rí lọ́dọ̀ yín ní Ìlọrin, tí ẹ sì gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ mọ̀, Ẹ̀gbọ́n! Nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ sì ní ó kàn fẹ́ wá bá mi gbé ọmọ ni. Ó dùn mí wọra.

Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Kí ni dókítà ọ̀hún sọ fún yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Amirat