Ọkọ Mi, Òṣìṣẹ́ Lèmi Náà

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, bàbá àwọn ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta gbáko! Nígbà tí o wà láyé, "ẹ" ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀, kódà nínú yàrá níbi tó ti jẹ́ àwa méjì péré. Lónìí, má retí "ẹ" kankan lẹ́nu mi. Inú ń bí mi sí ọ, mi ò sì ní purọ́ fún òkú.

Ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà. Àga la ṣì ń tún ṣe níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé èyí tó ti jìn wọnú wá, à ń yọ fóòmù tó ti kú, à ń fi awọ tuntun bò ó. Ìwọ lò ń to igi, tí o ń kan ìṣó. Èmi ni mò ń gé awọ, tí mò ń rán an. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni. Oyún àkọ́bí wa ti wọ oṣù kẹjọ, mo ṣì ń tẹ maṣíìnì! Àwọn oníbàárà á ní, "Ẹ̀yin tọkọtaya yìí mọṣẹ́ o!" Ìwọ á rẹ́rìn-ín, wàá ní ọ̀kan náà ni wá. Mo gbà ọ́ gbọ́. Áà, mo mà gbà ọ́ gbọ́ o!

Bí o bá ń lọ san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, mi ò kì í béèrè nǹkan kan. O ní ò ń tọ́jú ọjọ́ ogbó wa. "Wa" lo pè é.

Lẹ́yìn tí a sin ọ́ tán, mo lọ sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì. Ṣé o rántí àwọn àga tó wà níbi tí wọ́n ti ń dúró de akọ̀wé? Àwa la ṣe wọ́n. Orí ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó sí. Akọ̀wé náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, sọ pé èyí tó wà lórúkọ rẹ máa tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóòótọ́, òun la fi parí ẹ̀kọ́ àkọ́bí wa. Ọmọ rẹ ti di nọ́ọ̀sì! Mo wá béèrè tèmi. Ó ní, "Tiyín kẹ̀, màmá?" Ó ní kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ rí fún mi. Lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí náà, wọn ò mọ̀ mí rí. Lójú wọn, mi ò ṣiṣẹ́ rí láyé mi. Lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi rán ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi!

Mo gbèjà rẹ o. Mo ní ọkọ mi ò mọ̀ ni, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Obìnrin yẹn wò mí, ó ní o mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí o kó àga wá ni wọ́n ti jókòó tì ọ́, tí wọ́n ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ì báà jẹ́ lábẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Wọ́n bẹ̀ ọ́. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ìyàwó mi kì í ṣe òṣìṣẹ́, ìyàwó mi ni."

Ọkọ mi! Ta ló wá rán àwọn àga? Ikú tó mú ọ, kò sí lọ́wọ́ rẹ, mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́? Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́, o sì padà wálé wá jẹun lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó dáa. Mo ti forúkọ sílẹ̀ báyìí, orúkọ tèmi. Mo ti mọ̀ pé kí n máa tọ́jú rìsíìtì awọ, òwú àti iná, nítorí èrè tó bá kù lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń gba owó orí lé. Bí oníbàárà bá ti sanwó, mo ti yọ ti owó orí àti ti ìfẹ̀yìntì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó ra ohunkóhun. Àbúrò rẹ ló ń kan ìṣó báyìí. Oṣù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gan-an ni mo lé e lọ forúkọ sílẹ̀. Ó kùn títí, mo ní kó kùn dáadáa, ẹnikẹ́ni ò ní ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Akọ̀wé yẹn ò tàn mí, ó ní ohun tí mo lè kó jọ báyìí ò ní tó mi jẹun. Ojú mi á ti máa ṣe bàìbàì, mà á ṣì wà nídìí maṣíìnì. Ibi tí o fi mí sí nìyẹn.

Síbẹ̀, àárò rẹ ń sọ mí! Bí àbúrò rẹ bá ti kó ìṣó sẹ́nu, tó ń fi imú kọrin bíi tìrẹ, mo máa ń yíjú wò bóyá ìwọ ni. Mi ò tíì lè jáwọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ṣí àkáǹtì tèmi, akọ̀wé béèrè ẹni tí wọ́n máa kó owó náà fún bí mi ò bá sí mọ́. Kí n tó ronú, mo ti dárúkọ rẹ. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó rọra ní, "Màmá, ẹni tó wà láàyè ni." Mo ní kó kọ ti àkọ́bí wa. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi, mo sunkún rẹ délé. Mo fẹ́ràn rẹ, ọkọ mi. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ.